Balógun Tí Kò Sí Nínú Kòtò Amọ̀

Kí n tó sọ ohunkóhun nípa Bàbá Igbona, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti fèrè wọn, nítorí fèrè yẹn ló kọ́kọ́ fi ìtìjú hàn mí láyé. Fèrè rélùwéè ni, onírin, tí wọ́n so okùn dúdú mọ́. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń ṣe dáadáa ní Òṣogbo, òun ni Bàbá fi ń jẹ́ kí dírẹ́bà mọ̀ pé kó máa lọ. Wọ́n fẹ̀yìn tì tán, wọn ò dá fèrè padà. Èèyàn ni wọ́n wá ń fọn ọ́n fún.

Àlejò ni àwọn èèyàn náà. Bàbá Igbona, tí í ṣe bàbá tó bí màámi, sọ ara wọn di afinimọ̀nà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbà wọ́n síṣẹ́. Tí wọ́n bá ti rí àlejò ní Òkè-Fìà, ìbáà ṣe ọmọ Èkó tó wá kí ẹbí, ìbáà ṣe ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ, ìbáà ṣe òyìnbó tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn, wọ́n á ní, "Ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ní Sátidé." Tó bá di Sátidé, a ó wọ bọ́ọ̀sì, ó di Òdò-Ìrókò, abúlé ìyá wọn, tó wà lẹ́yìn Iléṣà. Ibẹ̀ ni àlejò ti máa ń rí bí wọ́n ṣe ń fún epo pupa, bí wọ́n ṣe ń ṣe irú, bí wọ́n ṣe ń yan gàrí, àti bí àwọn obìnrin ṣe ń mọ ìkòkò. Bàbá á dé fìlà rélùwéè, wọ́n á fọn fèrè, wọ́n á ké pé, "Ìdíkọ̀ kìíní! Ẹbu epo! Ẹ rọra sọ̀ kalẹ̀ o!" Bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ ni gbogbo wa fi ń rìn, kò sí ibi tí a fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ sí.

Èmi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní àdúgbò Igbona, tí mo wà ní ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdìrì nígbà náà, èmi ni wọ́n máa ń gbé àsíá aláwọ̀ ewé fún pé kí n máa bọ̀ lẹ́yìn. Mo máa ń ká a mọ́ abẹ́ apá bíi pé agbòjò ni. Lọ́jọ́ kan mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má fọn fèrè náà tí a bá ti dé àárín abúlé, pé àwọn ọmọ ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n wò mí tàánú-tàánú. Wọ́n ní, "Mojí, tí mi ò bá fọn ọ́n, wọ́n á rò pé à ń ṣáko ni."

Ẹnu wọn náà tún wà níbẹ̀. Bàbá kì í gba ẹbu epo kọjá láìjẹ nǹkan. Wọ́n á ti fi pépà wé iṣu sísun sápò láti Òṣogbo, tí wọ́n bá dé ìdí agbada tí epo tuntun ń hó nínú rẹ̀, wọ́n á yọ iṣu náà síta bí ẹni yọ Bíbélì, wọ́n á ní kí wọ́n ta epo sí i fáwọn. Ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yan gàrí, fìlà ni wọ́n máa ń bọ́, wọ́n á nà án síwájú kí wọ́n bu gàrí gbígbóná sínú rẹ̀. Epo á kán sí wọn láyà, gàrí á lẹ̀ mọ́ wọn nírun, àwọn àlejò á máa rẹ́rìn-ín, èmi á sì máa wo ilẹ̀. Èmi náà ni mo máa fọ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn tó bá di ọjọ́ Ajé.

Ṣùgbọ́n wọn kì í gbà kí ẹnikẹ́ni tẹ́ńbẹ́lú oúnjẹ àwọn ará abúlé náà. Ọjọ́ kan báyìí, àwọn ọmọbìnrin kan láti Èkó dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe irú, gbogbo wọn fọwọ́ dí imú. Bàbá fọn fèrè. Wọ́n ní, "Gbogbo ẹni tó bá fọwọ́ dí imú níbí, n ò ní gbà kó fi ẹnu jẹ ọbẹ̀ ọ̀sán." Àwọn ọmọbìnrin náà sọ ọwọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó máa ń mú wọn bínú jù, àbùlà ni. Ìbéèrè kan wà tí wọ́n máa ń bi gbogbo èèyàn, ì báà jẹ́ elépo, ì báà jẹ́ olóyin, ì báà jẹ́ ahunṣọ: "Ṣé bó ṣe wà nìyí, àbí ẹ ràn án lọ́wọ́?" Nígbà tí ìyàwó Bùrọ̀dá Dàpọ̀, ẹ̀gbọ́n màámi, kọ́kọ́ se ọbẹ̀ wá kí wọn, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n bi í ní ìbéèrè yẹn níṣojú gbogbo wa. Màgí ló fi sí i. Ojú ti ìyàwó, ojú ti ọkọ, ó tún wá ku èmi tí mo gbé àwo dání.

Ní Òdò-Ìrókò, elépo kan wà tó máa ń pọ́n wọn lé gan-an. Bàbá kó àlejò débẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n rí i pé pípọ́n epo náà ti pọ̀ jù. Wọ́n yọ áńkáṣíìfù funfun, wọ́n rì í bọ inú epo, wọ́n lọ fọ̀ ọ́ lómi. Epo lọ, àwọ̀ pupa tí obìnrin náà pò mọ́ ọn dúró. Wọn ò pe obìnrin náà sí kọ̀rọ̀ o. Wọ́n na áńkáṣíìfù sókè, wọ́n fọn fèrè lé e lórí, wọ́n ké sí gbogbo abúlé pé kí wọ́n wá wo ohun tí wọ́n fẹ́ fún àlejò jẹ. Obìnrin náà sunkún títí, ó ń bẹ̀bẹ̀. Bàbá ò mú àlejò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Nínú bọ́ọ̀sì, mo ní ọ̀rọ̀ yẹn ti le jù. Wọ́n ní, "Kò le jù. Ẹni tó bá ran nǹkan lọ́wọ́, kó ti mọ̀ pé wọ́n á fọ̀ ọ́ wò."

Mo sọ gbogbo èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́ kí n tó sọ ohun tí wọ́n ṣe.

Ibi tí wọ́n fẹ́ràn jù ní Òdò-Ìrókò ni kòtò amọ̀. Ìsàlẹ̀ abúlé ló wà, lẹ́bàá odò, ibẹ̀ ni àwọn amọ̀kòkò ti ń wa amọ̀ dúdú kan tó máa ń fà, tí kì í là nínú iná. Obìnrin nìkan ló ń wọ kòtò náà. Ọkùnrin ò gbọdọ̀ ki ọkọ́ bọ̀ ọ́, ọkùnrin ò sì gbọdọ̀ ru amọ̀ rẹ̀. Amọ̀kòkò ni ìyá Bàbá. Ẹ̀yìn ni ìyá náà pọ̀n wọ́n sí wọ inú kòtò yẹn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọwọ́, ìgbà tí wọ́n sì ti mọ ìrìn rìn ni àwọn obìnrin ti lé wọn jáde. Nítorí náà etí kòtò ni wọ́n máa ń dúró sí, wọ́n á ṣí fìlà, wọ́n á sọ fún àlejò pé inú ibí ni gbogbo àmù tó wà nílé àwọn bàbá wọn ti jáde wá.

Àlejò kì í sábà kọ ibi ara sí i. Kí ni kòtò fẹ́ jọ lójú ẹni tó ti Èkó wá? Ní Sátidé kan, obìnrin kan tó wọ awò dúdú wo kòtò náà, ó wo bàtà rẹ̀ tí ẹrẹ̀ ti bà jẹ́, ó ní, "Bàbá, gbogbo wàhálà yìí, kòtò lásán?"

Mo rí ojú Bàbá. Ó dà bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Wọ́n fi fèrè sẹ́nu, wọ́n yọ ọ́, wọn ò fọn ọ́n. Wọ́n wá ní, "Lásán kẹ̀? Ẹ rọra dúró, màdáámù. Balógun kan ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín yẹn. Àwọn ọ̀tá ta á lọ́fà, ó kọ̀, kò ṣubú. Ìdúró ló kú sí, ìdúró ni wọ́n sin ín."

Gbogbo àlejò sún sẹ́yìn. Obìnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀. Kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ yẹ̀rì. Nígbà tí à ń padà sílé, mo ní, "Bàbá, ẹ ò sọ ti balógun yìí fún wa rí." Wọ́n kọjú sí fèrèsé bọ́ọ̀sì. Wọ́n ní, "Ó pe kòtò ìyá mi ní lásán. Mo kàn ràn án lọ́wọ́ díẹ̀ ni."

Ká ní ó mọ bẹ́ẹ̀ ni, ǹ bá má kọ ìwé yìí. Àwọn àlejò tó tún dé lẹ́yìn náà, balógun ni wọ́n ń béèrè. Bàbá fún un lẹ́ṣin. Nígbà tó tún yá, wọ́n fún un ní ìyàwó tó sunkún títí tó fi di igi ọ̀pẹ. Mo dúró sẹ́yìn pẹ̀lú àsíá mi, mo mọ̀ pé irọ́ ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀ láìpẹ́ sígbà náà ni, oníkálukú sì ń wá ohun tó lè fi yangàn. Ìròyìn balógun dé ọ́fíìsì ìjọba kan. Àwọn kan wá, wọ́n ri òpó kọnkéré mọ́lẹ̀, wọ́n fa wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí kòtò amọ̀ ká, wọ́n gbé pátákó kan síbẹ̀: IBOJÌ BALÓGUN. A KÒ GBỌDỌ̀ GBẸ́ ILẸ̀ NÍBÍ. Inú Bàálẹ̀ dùn. Ó ní títì ọlọ́dà máa dé láìpẹ́.

Bàbá rí pátákó náà, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọn ò tíì ronú kan àwọn obìnrin.

Yèyé Adúkẹ́, olórí àwọn amọ̀kòkò, ló wá la ojú wọn. Mọ̀lẹ́bí ìyá Bàbá ni, ó fi díẹ̀ ju Bàbá lọ lọ́jọ́ orí, àwọn àgbà Ìjẹ̀ṣà bẹ́ẹ̀ kì í sì í fi "ẹ" bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ó wọ ọkọ̀ láti Òdò-Ìrókò wá sí Igbona nínú òjò. Kò jókòó. Ó tú gèlè tó fi di nǹkan, ìkòkò tó là sí méjì ló wà nínú rẹ̀. Ó pe Bàbá lórúkọ, ó ní, "Jóṣúà, gbà. Balógun rẹ ló fọ́ ọ."

Ó wá ṣàlàyé. Látìgbà tí wọ́n ti dí kòtò mọ́ wọn, amọ̀ oníyanrìn tó wà lọ́nà oko ni wọ́n ń lò. Gbogbo ohun tí wọ́n bá fi mọ, iná ń là á. Àwọn tó ń ra àmù lọ́wọ́ wọn ti ń lọ síbòmíràn, ọmọ Yèyé méjì sì ti pa iṣẹ́ náà tì. Ó ní wọ́n kó ara wọn lọ bá Bàálẹ̀, Bàálẹ̀ ní ta ló fẹ́ gbẹ́ sàréè akọni. Ó wá béèrè lọ́wọ́ Bàbá, "Ìyá rẹ ń wa amọ̀ níbẹ̀, ìyá tèmi ń wà á níbẹ̀. Ìgbà wo ni wọ́n sin ẹnì kan síbẹ̀?" Èmi ni mo gbé omi wá fún Yèyé, kò sì mu ún.

Bàbá lọ sọ fún Bàálẹ̀ ní ìdákọ́ńkọ́ pé àwọn ló hùmọ̀ rẹ̀. Bàálẹ̀ fọwọ́ bò wọ́n lẹ́nu. Ó ní, "Bàbá, ìtàn yẹn ti kúrò lọ́wọ́ yín. Ó ti di ti ìlú." Ó wá sọ fún wọn pé àwọn ọ̀gá ń bọ̀ wá ṣí ibẹ̀, pé kí wọ́n múra, pé Bàbá gan-an ló máa sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí i, àwọn ìjòyè wà níbẹ̀, àwọn ọ̀gá láti ọ́fíìsì wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ilé-ìwé wa náà wà níbẹ̀, olùkọ́ ló kó wa wá. Mo ti fi bàbá mi àgbà ṣe fọ́ńté fún kíláàsì mi. Bàbá wọ aṣọ funfun tí wọ́n fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fọn fèrè. Wọ́n ní, "Ẹ kú ìjókòó. Kò sí balógun kankan níbí. Irọ́ ni mo pa."

Àwọn èèyàn kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni, wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá tún un sọ. Bàálẹ̀ dìde, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún àwọn ọ̀gá pé kí wọ́n má bínú, pé ọjọ́ ogbó ti ń da bàbá láàmú. Ó ní kí ẹnì kan mú wọn lọ jókòó. Ẹnì kan sì fà wọ́n lọ́wọ́ lóòótọ́, bí ẹni fa ọmọdé. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń wò mí. Mo gbàdúrà pé kí ilẹ̀ lanu.

Bàbá já ọwọ́ wọn gbà. Wọ́n lọ bá àwọn obìnrin lẹ́yìn, wọ́n gba ọkọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn, wọ́n rọra gbé ẹsẹ̀ kọjá wáyà, wáyà fa ṣòkòtò wọn ya, wọ́n wọ inú kòtò. Ariwo sọ. Kì í ṣe àwọn ìjòyè ló kọ́kọ́ pariwo, àwọn amọ̀kòkò ni, nítorí ọkùnrin kì í wọbẹ̀. Yèyé Adúkẹ́ ń ké pé, "Jóṣúà, jáde! Jáde níbẹ̀!" Bàbá ń gbẹ́. Àgbàlagbà tó ti lé láàádọ́rin, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, ó ń da ilẹ̀ síta síwájú àwọn ọ̀gá, ó ń sọ pé, "Ẹ wá wo egungun rẹ̀! Ẹ wá wo ẹṣin rẹ̀!" Amọ̀ ló ń jáde. Wọ́n gbẹ́ títí tó fi mù wọ́n dé ìbàdí. Amọ̀ náà ni.

Bàbá kó o sínú agbọ̀n, wọ́n fẹ́ gbé e rù, agbọ̀n ń yẹ̀. Inú ń bí Yèyé Adúkẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n ó yọ òṣùká orí rẹ̀, ó jù ú sí wọn. Ó ní, "Tó o bá máa rù ú, rù ú dáadáa." Bàbá gbé òṣùká lé fìlà rélùwéè, wọ́n ru agbọ̀n amọ̀, wọ́n gba àárín abúlé kọjá lọ sí ẹbu àwọn obìnrin, omi amọ̀ ń ṣàn sójú wọn, àwọn ọmọ ń kọrin tẹ̀lé wọn. Wọ́n wò yíká, bóyá èmi ni wọ́n ń wá. Mo ti fara pa mọ́ sẹ́yìn olùkọ́ wa.

Ní ilé-ìwé, Ọmọ Balógun ni wọ́n ń pè mí títí mo fi jáde. Bùrọ̀dá Dàpọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba sọ pé òun ò lè wo ojú àwọn ẹlẹgbẹ́ òun mọ́, ọdún kan gbáko ni kò fi ẹsẹ̀ kan Igbona. Bàbá fúnra wọn kúrò ní ìjókòó iwájú nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yìn ni wọ́n ń jókòó sí. Wọ́n fi fèrè kọ́ ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò sí àlejò mọ́. Kí n má tàn yín, ọ́fíìsì yẹn ò wá tú wáyà kankan. Àwọn obìnrin ló ń gé e díẹ̀díẹ̀ fi di igi ìdáná, wọ́n sì fi pátákó náà ṣe ilẹ̀kùn ilé adìyẹ. Wọ́n ń wa amọ̀ wọn.

Nígbà tí mo dàgbà díẹ̀ sí i, mo gbìyànjú láti yin Bàbá. Mo ní ohun tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ yẹn, èèyàn díẹ̀ ló lè ṣe é. Wọ́n ń bó ọsàn lọ́wọ́, wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Má yìn mí, Mojí. Ìdọ̀tí ara mi ni mo kó." Ìgbà tó tún ṣe díẹ̀, wọ́n ní, "Áńkáṣíìfù yẹn ni mo máa ń rántí. Obìnrin yẹn bẹ̀ mí, mi ò gbọ́." Wọ́n ti lọ bẹ elépo náà, mi ò tiẹ̀ mọ̀. Ó ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n kò ṣílẹ̀kùn.

Bàbá kú ní oṣù tó kọjá, nínú oorun. Bùrọ̀dá Dàpọ̀ ló kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn sínú ìwé ètò ìsìnkú. Ó kọ ti rélùwéè, ó kọ ti ìjọ, ó wá kọ pé wọ́n fẹ́ràn àṣà ìbílẹ̀. Gbogbo ẹbí fọwọ́ sí i, èmi náà fọwọ́ sí i. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn ará ìyá wọn sọ̀rọ̀, Yèyé Adúkẹ́ dìde pẹ̀lú ọ̀pá, ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò mọ̀wé. Ó ti ní kí ẹnì kan kà á fún òun. Ó ní, "Jóṣúà purọ́ gba ilẹ̀ amọ̀ wa. Jóṣúà náà ló fi orí rẹ̀ rù ú wá fún wa. Ẹ kọ méjèèjì síbẹ̀." Ó jókòó. Kò sẹ́ni tó ṣàmín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a lọ dúpẹ́ ní Òdò-Ìrókò. Níbi tí a dúró sí lẹ́bàá kòtò, ọkùnrin kan tó gbé kámẹ́rà wá bá wa, ó ní láti ọ̀nà jíjìn lòun ti wá, ṣé ibí ni balógun tó kú ní ìdúró wà. Bùrọ̀dá Dàpọ̀ ní, "Wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀." Àwọn obìnrin tó wà nínú kòtò dá ọkọ́ dúró, wọ́n gbójú sókè sí wa.

Mo ní, "Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀, sà. Amọ̀ ni."

Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní, "Ta ló wá sọ pé ó wà níbẹ̀?"

Bùrọ̀dá Dàpọ̀ ń fi ojú sọ fún mi pé kí n dákẹ́. Mo ní, "Bàbá wa àgbà ni. Irọ́ ni wọ́n pa." Ojú tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n mi ò ràn án lọ́wọ́.